Ìyá Tó Kúnlẹ̀ Níwájú Ọba Sípéènì

Ní ọdún tí mo dé Houston, kò sí ọmọ Nàìjíríà kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ọba. Ẹni tó ń wa takisí, ọmọ ọba ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì tó ti ṣófo látìgbà tí owó epo ti já wálẹ̀, ọmọ ọba ni. Ẹni tí yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, inú ààfin ni wọ́n bí i sí. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó kù nílé tó ń ṣe ará ìlú fún gbogbo àwọn ọba wọ̀nyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ní eré àtijọ́ ilẹ̀ Sípéènì wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó ní èmi ni n ó ṣe ọba nínú eré tí kíláàsì wa fẹ́ ṣe ní ìparí sáà, kò yà mí lẹ́nu. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ rédíò títún ṣe ni bàbá mi ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní irú ìrẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń wà.

Ọmọ Texas ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí. Abúlé tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti gbé ní Madrid rí fún ìgbà díẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Nínú ooru Houston, nígbà tí ọ̀dà ojú títì bá ń lẹ̀ mọ́ bàtà, á wé síkáàfù dúdú mọ́rùn. Tó bá ń sọ èdè Sípéènì, á máa ti ahọ́n bọ àárín eyín bí àwọn ará Madrid ti ń ṣe. Ó kó wa lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò lọ́jọ́ kan, ó sì fi ahọ́n alárinrin yìí béèrè ẹ̀wà àti ìrẹsì. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ, tó jẹ́ pé èdè yẹn ni ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wò ó tàánútàánú, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá eyín ló ń dùn ún.

Síbẹ̀ mi ò ní fi ẹ̀sín pa òótọ́ mọ́lẹ̀: ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ní bí irinwó ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń wọ aṣọ obìnrin fún ọmọkùnrin kó lè ṣe ìyàwó lórí ìtàgé, ní Sípéènì obìnrin fúnra rẹ̀ ló ń gun orí ìtàgé. Á wọ ṣòkòtò, á fi idà kọ́ ìbàdí, á lépa ọkùnrin tó ṣèlérí ìgbéyàwó fún un tó sì sá lọ, láti ìlú dé ìlú. Àwọn obìnrin tó wá wòran náà ní àyè tiwọn, lókè lẹ́yìn, tí ọkùnrin kankan kò gbọ́dọ̀ dé. Ìkòkò ìsebẹ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bí eré kò bá dùn mọ́ wọn, èèpo èso ni wọ́n á máa jù lu òṣèré. Èmi tí mo rò pé mo ti kàwé tán kí n tó kúrò nílé, mo jókòó, mo la ẹnu sílẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ti eré, ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ti sinimá. Wọ́n á pa iná, wọ́n á fa aṣọ dúdú bo fèrèsé, a ó wá máa wo bí àwọn ará Sípéènì òde òní ṣe ń sọ irú ìtàn kan náà. Fíìmù kan wà nínú wọn tí kò kúrò lójú mi. Ọmọ àgbẹ̀ ni obìnrin inú rẹ̀, ọlọ́lá kan ló sì fi ipá bá a lò pọ̀. Kámẹ́rà rọra ń sún mọ́ obìnrin náà títí ojú rẹ̀ fi gba gbogbo ògiri. Ojú ènìyàn kan tóbi ju ilé bàbá mi lọ! Kò sọ nǹkan kan. Omijé kan dúró létí ìpéǹpéjú rẹ̀, kò já. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn wa, àfi bí mo ṣe rí i pé mo ti di ọwọ́ àga mú. Mo ti wo sinimá nílé láti kékeré, ti Íńdíà tó ń kọrin, ti Ṣáínà tó ń fò lórí òrùlé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì fi ojú lásán mú mi mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yá, obìnrin náà fa ìbọn bàbá rẹ̀ yọ láti orí àjà, ó lọ dúró níwájú ọlọ́lá náà, ó sọ gbólóhùn méjì péré, ó sì yìnbọn lù ú.

Iná tàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún síkáàfù rẹ̀ ṣe, ó ní, “Obìnrin òde òní kì í kúnlẹ̀.” Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kọ ọ́. Àwa Yorùbá méjì la wà nínú kíláàsì yẹn, èmi àti ìyá kan tí mò ń pè ní Màmá, nítorí pé àkọ́bí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n ti ṣe tíṣà nílé títí ṣọ́ọ̀kì fi fún wọn ní ikọ́. Ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ akáǹtì ní The Woodlands, lẹ́yìn ìlú, apartment kan ní àdúgbò Greenspoint ni wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ ti dàgbà tó láti wa ọkọ̀ fúnra wọn, ni Màmá bá padà sí yunifásítì. Àwọn ọmọ òyìnbó inú kíláàsì ń pe orúkọ wọn ṣákálá bí ẹni tó ń pe ọmọdé kó wá lọ ra iyọ̀. Màmá á dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi ni eyín máa ń kan.

Ní Mọ́ńdè kan, Màmá nawọ́ sókè. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbogbo ọmọbìnrin inú àwọn eré wọ̀nyí, ta ló bí wọn?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé.

“Mo rí bàbá. Mo rí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Mo rí ìránṣẹ́bìnrin, mo rí àǹtí arúgbó tó ń tòògbé. Mi ò rí ìyá kankan.”

Inú ọ̀jọ̀gbọ́n dùn, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé lé ọ̀rọ̀ yìí lórí. Ó ní òótọ́ ni, ìyá ṣọ̀wọ́n nínú eré wọ̀nyẹn. Ó ní èrò tirẹ̀ ni pé bí ìyá bá wà níbẹ̀, á ti bá ọmọ sọ̀rọ̀, á ti bá bàbá sọ̀rọ̀, ọ̀ràn á ti parí kí eré tó dé ìdajì, kò sì ní sí ohun tí ènìyàn á máa wò mọ́.

“Ìyẹn ni pé àwọn tó kọ eré wọ̀nyẹn mọ̀,” ni Màmá wí.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nǹkan tutù kan gba ẹ̀yìn mi kọjá, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù.

Eré tí a fẹ́ ṣe yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ló fi àjákù eré àtijọ́ bíi mélòó kan rán an pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́lá kan gbé ọmọ àgbẹ̀ sá lọ, ó sì bà á jẹ́. Bàbá ọmọ náà tọ ọba lọ, ó kúnlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan, ọba dá a láre. Ọmọkùnrin tó yẹ kó ṣe bàbá, gìrìpá kan tó máa ń dé fìlà àwọn darandaran wọ kíláàsì, gbọ́ pé ọ̀rọ̀ gígùn náà kò ṣeé kà látinú ìwé, àkọ́sórí ni. A ò rí i mọ́. Kò sí ọkùnrin mìíràn tó ṣẹ́ kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá mú ìwé eré, ó fi “ìyá” rọ́pò “bàbá” níbi gbogbo, ó sì fi apá náà lé Màmá lọ́wọ́. Bí ìyá ṣe wọ inú eré àtijọ́ Sípéènì ní Houston nìyẹn: ọ̀lẹ kan ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Màmá ló máa ń fi ọkọ̀ gbé mi délé. Wọn kì í sáré lórí freeway, gbogbo tírélà Texas ló ń fọn fèrè lé wa lórí. Ọjọ́ tí wọ́n gba apá yẹn, wọ́n ń wakọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn.

“Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé láti tíṣà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ń ṣe eré? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa ń fún mi ṣe?”

“Rárá, mà.”

“Èrò. ‘Èrò kejì.’ Ọdún kan, wọ́n fún mi ní ‘obìnrin tó gbé omi kọjá.’ Àwọn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.”

“Ṣé ẹ gbé omi náà kọjá dáadáa, mà?”

“Mo gbé e kọjá débi pé wọ́n tún ní kí n gbé e padà.” A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ojú wọn yí padà. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn ọmọ yẹn máa pè mí lórúkọ bó ti wù wọ́n.”

Ìdánrawò bẹ̀rẹ̀. Mo gun orí ìtẹ́ mi, àga onígi tí wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ wúrà mọ́. Màmá wọlé, wọ́n rìn dé iwájú mi, wọ́n kúnlẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àyà mi ti kan pákó, adé bébà ti yí lọ sábẹ́ àga, mo sì ń wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.” Ọba Sípéènì dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó àgbẹ̀.

Àwọn ọmọ òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní a ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí: ọba fúnra rẹ̀ wó lulẹ̀ níwájú aráyé! Ó ní mo jẹ́ òṣèré tòótọ́. Lẹ́yìn náà ó ní ká padà sí bó ṣe wà nínú ìwé. A padà. Màmá kúnlẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. A tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, mo fò dìde kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀, mo di ìgùnpá wọn mú bí ẹni tó fẹ́ mú arúgbó sọdá títì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò kan iṣẹ́ ọnà. Ó ní kò burú, a ó ṣe é bíi ti fíìmù: Màmá kò ní kúnlẹ̀, wọ́n á dúró ṣánṣán, wọ́n á sì sọ gbólóhùn mẹ́ta. Ẹni tó dúró kò nílò ọ̀rọ̀ gígùn.

Mo wo ojú Màmá. Mo ti rí ojú ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ni Màmá wí, ohùn wọn balẹ̀, “obìnrin inú fíìmù yẹn ní kámẹ́rà. Kámẹ́rà gbé ojú rẹ̀ lọ bá ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ta ló máa gbé ojú tèmi lọ? Orúnkún mi nìkan ni mo ní.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n tú síkáàfù kúrò lọ́rùn, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí. Níkẹyìn ó ní ẹ̀ẹ̀méjì la ó ṣe eré náà, ọ̀sán Sátidé àti ọ̀sán Sọ́ńdè. Bí ọba bá lè jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìkúnlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ gígùn á wà bẹ́ẹ̀. Bí ìdí ọba bá fi lè kúrò lórí ìtẹ́ kó tó dájọ́, lọ́jọ́ Sọ́ńdè gbólóhùn mẹ́ta ni.

Níta, nínú oòrùn, Màmá dojú kọ mí.

“Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìdìde?”

“Mà, ẹ ò lè kúnlẹ̀ fún mi. Kí ni mo fẹ́ wí fún ìyá mi?”

“Ìwọ ni mo kúnlẹ̀ fún? Ọba kọ́ ni?”

“Ọba ni, mà, ṣùgbọ́n orúnkún yín ni.”

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. “Gbọ́. Tí àgbàlagbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, kí ló dé tí ọmọdé fi ń sáré gbé e dìde?”

“Ọ̀wọ̀ ni, mà.”

“Irọ́ ni. Ẹ̀rù ni. Kó má baà gbọ́ ohun tí àgbàlagbà fẹ́ sọ ni. Ẹ ó ti gbé e nílẹ̀ kó tó la ẹnu. Ẹ ó ti máa wí pé ‘ẹ jọ̀ọ́ mà, a ti gbọ́ mà,’ ẹ ò sì gbọ́ nǹkan kan. O fi ọ̀wọ̀ dí mi lẹ́nu láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀.” Wọ́n fi ìka kàn mí láyà. “Jókòó. Jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Ohun tí ọba wà fún nìyẹn.”

Mo ti gbọ́ àlàyé oríṣiríṣi lórí agbára obìnrin ní yunifásítì, gbogbo wọn ló ní ìsọ̀rí àti abẹ́ ìsọ̀rí. Èyí nìkan ló jẹ́ kí ojú tì mí pé mo ní ẹsẹ̀.

Sátidé dé. Màmá ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn sì ti wá láti Greenspoint, àwọn kan tilẹ̀ wá láti ìlú Richmond tó wà lẹ́yìn Houston. Wọ́n lọ jókòó pọ̀ sókè lẹ́yìn, gèlè wọn yọ bí òkè, ṣinṣín ń dún nínú ọ̀rá. Mo rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Ojú rẹ̀ ń tàn. Láyé rẹ̀, ìkòkò ìsebẹ̀ tòótọ́ ti dé inú gbọ̀ngàn rẹ̀.

Eré lọ geere. Wọ́n gbé ọmọ àgbẹ̀ sá lọ, àwọn obìnrin òkè pòṣé. Ọlọ́lá burúkú náà jáde, wọ́n gégùn-ún fún un ní Yorùbá. Mo jókòó sórí ìtẹ́. Màmá wọlé.

Wọn kò wọlé bí wọ́n ṣe ń wọlé níbi ìdánrawò. Ìborí dúdú tí wọ́n fún wọn, wọ́n ti tú u kúrò lórí, wọ́n sì ti fi di ìbàdí. Orí wọn wà láìbò, funfun ti kún inú irun náà. Ariwo ìgbádùn lókè dáwọ́ dúró. Màmá rìn wá, wọ́n fi ọwọ́ kan lé ilẹ̀, wọ́n gbé orúnkún kan sílẹ̀, wọ́n sinmi díẹ̀ nítorí eegun, wọ́n wá gbé èkejì sílẹ̀.

“Yéè!” ni ẹnì kan ké lókè.

“Ẹ dìde, Màmá! Ẹ dìde o!”

“Ọmọkùnrin yìí, o jókòó?”

“Ó ń wò wọ́n o! Ó ń wò wọ́n pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì!”

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta ló bí ọmọ yìí?”

Àwọn òyìnbó ń wẹ̀yìn. Bàbá kan dìde dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó sì ṣí fìlà. Ọkọ Màmá ni. Gbogbo iṣan ara mi ló ń sá lọ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ láti kékeré pé bí ìyá bá kúnlẹ̀ fún ọmọ tí ọmọ náà sì jókòó, kì í dára fún un. Mo di apá ìtẹ́ mú, bébà wúrà ń ya lábẹ́ èékánná mi. Màmá gbójú sókè wò mí. Mo jókòó. Ẹ̀rù bà mí.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, wọn kò yọ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ bàbá ni, ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kọ fún ọkùnrin láti fi gbé iyì ilé rẹ̀ ga. Gìrìpá onífìlà yẹn ti kà á sókè fún wa rí, ìfọ́nnu ló jọ. “Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ yìí, tèmi ni.” Ní ẹnu bàbá, àkànlò èdè ni. Màmá sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀, ọwọ́ wọn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n bí sáyé nínú gbọ̀ngàn yẹn tí kò mọ̀ pé òótọ́ lásán ni wọ́n ń sọ, bí ẹni tó ní òjò rọ̀ lánàá. Lókè, ohùn kan kú. Òmíràn kú. Ọ̀rá ṣinṣín dákẹ́. Èmi tí mo ti fi ayé mi ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo ohun tó ń pe ara rẹ̀ ní ńlá, mo wá ohun kan tí mo lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ lára obìnrin tó wà níwájú mi, kó lè rọ̀ mí lọ́rùn. Mi ò rí i.

Ọ̀rọ̀ wọn tán. Ó kan mí. Mo ní, “Dìde, obìnrin. A ti gbọ́.” Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn: obìnrin á dìde, ọba á wá dájọ́.

Màmá kò dìde.

Mo tún un sọ. Wọn kò mira. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti òkè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé: “Kó kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà ná.”

Mo dá ẹjọ́ náà. Mo ní kí wọ́n mú ọlọ́lá náà, kí wọ́n dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀. Ohùn ọmọ ọdún méje ló ti ẹnu ọba Sípéènì jáde, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Màmá wá na ọwọ́ sí mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, ìwé eré fúnra rẹ̀ ló ní kí ọba sọ̀ lẹ́yìn ìdájọ́, mo sì gbé wọn dìde. Wọ́n wúwo. Èémí wọn gbóná létí mi.

Ó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ọ̀jọ̀gbọ́n dúró pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tó fẹ́ fi fagi lé apá náà fún ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo rí i tó ki pẹ́ńsùlù náà bọ àpò, tó sì gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, láti ìjókòó iwájú títí dé òkè lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ mi kan ṣì kù, ọ̀rọ̀ ìparí ọba. Mo la ẹnu.

Màmá fún ọwọ́ mi mọ́ra. “Má tíì sọ̀rọ̀,” ni wọ́n wí fún mi lábẹ́ èémí. “Jẹ́ kí n gbọ́ bí gbọ̀ngàn ṣe dákẹ́.”